Gọ́ọ̀fù Níbi Tí Koríko Kò Sí

Eré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, eré tí púpọ̀ nínú yín ti rí tàbí tí ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: gọ́ọ̀fù. Bí a bá dárúkọ gọ́ọ̀fù, ohun tí ó máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pápá gbalasa tí ó tutù yọ̀yọ̀, koríko tí a gé kúrú tí ó tẹ́jú bí ẹní, igi olóòjìji, adágún omi, àti àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n dé fìlà funfun. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé àwọn kan ń gbá gọ́ọ̀fù láàárín aṣálẹ̀, lórí pápá tí kò ní ewé koríko kan ṣoṣo, ẹ ó ní irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́ rárá. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni Coober Pedy, ó sì wà ní ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò tó ẹyin adìẹ. Òfin sọ pé ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí mílímítà 42.67, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 45.93 lọ. Ọ̀pá ni a fi ń gbá a. Òṣèré kan lè mú ọ̀pá tí ó tó 14 dání, nítorí pé ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń rọra tì í. A gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mílímítà 108, bí ẹnu kọ́ọ̀bù ńlá. Ihò 18 ni pápá tí ó pé máa ń ní. Ẹ ó dúró níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ó rìn tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó tún gbá a, títí yóò fi wọ inú ihò kìíní. Ẹ ó wá kọjú sí ìkejì. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ní iye ìgbà tí ó kéré jù lọ títí ihò 18 fi parí ni ó borí. Nínú eré yìí, ẹni tí ó kó púpọ̀ jọ kọ́ ni ó jèrè; ẹni tí ó ní díẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Skọ́tílándì ni eré náà ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1744, àwọn òṣèré ní Leith, lẹ́bàá ìlú Edinburgh, kọ òfin 13 sílẹ̀, àwọn ni òfin gọ́ọ̀fù tí ó pẹ́ jù lọ tí a ṣì ní lákọsílẹ̀. Ní ìlú St Andrews, ihò 22 ni wọ́n ń gbá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1764 ni wọ́n dín in kù sí 18, gbogbo ayé sì wá tẹ̀lé wọn. Etí òkun ni àwọn pápá àtijọ́ wọ̀nyí wà, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí kò dára fún oko. Òjò ibẹ̀ ni ó ń mú koríko hù, àgùntàn ni ó ń jẹ ẹ́ kí ó kúrú. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáradára: àwọn ará Skọ́tílándì ìgbà náà kò ra koríko, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bomi rin ín. Ohun tí ilẹ̀ wọn fún wọn ni wọ́n fi ṣeré. Nígbà tí eré náà rìn dé ilẹ̀ mìíràn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí rò pé láìsí koríko Skọ́tílándì, kò sí gọ́ọ̀fù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí aṣálẹ̀. Coober Pedy wà ní nǹkan bí kìlómítà 850 sí Adelaide, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Gúúsù Ọsirélíà, ní apá àríwá. Gbogbo òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin kò ju nǹkan bí mílímítà 150 lọ. Ní Ìbàdàn, òjò oṣù kan ṣoṣo ní àkókò òjò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò ooru wọn, tí í ṣe ìgbà tí Kérésìmesì ń bọ̀ títí dé oṣù kejì, ooru máa ń kọjá digírì 40. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ará ìlú ni kò kọ́lé sí orí ilẹ̀. Inú òkè àpáta rírọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilé wọn sí: yàrá, pálọ̀ àti ilé ìdáná. Ilé ìtura wà lábẹ́ ilẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí ìta bá gbóná bí ààrò alágbẹ̀dẹ, inú àwọn ilé wọ̀nyí yóò wà ní nǹkan bí digírì 24, láìlo ẹ̀rọ amúlétutù.

Àwọn onílẹ̀ gan-an ni ẹ̀yà Antakirinja Matu-Yankunytjatjara, tí wọ́n ti ń gbé inú aṣálẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 2011 ni ilé-ẹjọ́ fìdí ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ náà múlẹ̀. Láti inú èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ni orúkọ Coober Pedy ti wá, ohun tí a sì máa ń sọ pé ó túmọ̀ sí ni “ihò òyìnbó”.

Kí ni òyìnbó wá ń gbẹ́ ihò fún? Ní ọdún 1915, àwọn ọkùnrin kan wá wúrà dé ibẹ̀. Wọn kò rí wúrà, omi wọn sì ń lọ sí òpin. Ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan wà láàárín wọn, William Hutchison, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn awúràkiri náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, bí ó ti ń wá omi kiri, ó rí òkúta kan tí ó ń dán lórí ilẹ̀. Ópálì ni. Òkúta iyebíye ni ópálì. Bí ẹ bá ń yí i lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò máa yí padà: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Ohun tí ó ń dá a ni pé omi tí èròjà yanrìn ti yọ́ sínú rẹ̀ ń wọ inú àlàfo òkúta lábẹ́ ilẹ̀. Bí omi náà ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún tí a kò lè kà, èròjà náà ń tò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ róbótó-róbótó tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí àárín wọn, yóò pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi bí òṣùmàrè. Omi díẹ̀ sì ṣì kù nínú òkúta náà títí di òní. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ayé ti rí? Ọmọ wá omi lọ; òkúta tí omi há sí nínú ni ó rí, òun ni ó sì di ìlú.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò ìwakùsà ni ó wà ní àyíká ìlú, àkọlé sì wà tí ó ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó má sáré, kí ó má sì fi ẹ̀yìn rìn, kí ó má baà já sínú ihò. Ìlú tí ihò ti pọ̀ tó báyìí ni àwọn ará ibẹ̀ tún lọ gbẹ́ ihò 18 kún un, wọ́n ní pápá gọ́ọ̀fù ni.

Ẹ ó béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò gbin koríko? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Hẹ́kítà kan ni ilẹ̀ tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 100, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 100. Bí a bá da omi sí gbogbo ojú ilẹ̀ náà kí ó ga ní mílímítà 1 péré, lítà 10,000 ni a ó lò. Ká ní koríko inú aṣálẹ̀ ń fẹ́ mílímítà 5 lójúmọ́, lítà 50,000 nìyẹn fún hẹ́kítà kan. Ká tún ní hẹ́kítà 20 ni a fẹ́ bomi rin lórí pápá náà, mílíọ̀nù lítà kan ni lójoojúmọ́. Bí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń pọnmi bá gba lítà 25, ẹ ó ru kẹ́ẹ̀gì 40,000 lónìí, ẹ ó tún ru iye kan náà lọ́la.

Níbo ni àwọn ará Coober Pedy yóò ti rí i? Inú kànga jíjìn ni omi tí wọ́n ń mu ti ń wá, ní nǹkan bí kìlómítà 24 sí ìlú. Omi náà níyọ̀. Ẹ̀rọ ní láti sẹ́ ẹ kí ó tó ṣeé mu, páìpù ní láti gbé e wọ̀lú, owó sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ìlú náà kò tó 2,000. Ta ni nínú wọn ni yóò gba omi lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kí ó lọ fi wẹ koríko? Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi ní iye.

Èmi kò sọ pé kò ṣeé ṣe láti gbin koríko sí aṣálẹ̀. Ní Dubai, níbi tí àwọn òṣèré ti ń gbá gọ́ọ̀fù lórí iyanrìn tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣí pápá Emirates Golf Club ní ọdún 1988, ó sì tutù minimini. Omi òkun tí a yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ni wọ́n fi bomi rin ín. Ẹni tí ó lówó bẹ́ẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn awakùsà Coober Pedy wo àpò wọn, wọ́n wo kànga wọn, wọ́n sì pinnu pé koríko ni àwọn yóò fi sílẹ̀, kì í ṣe eré.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń gbá a? Ilẹ̀ pápá náà jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti eruku, ó sì le. Bí ẹ bá fi ọ̀pá irin na bọ́ọ̀lù lórí òkúta, ọ̀pá yóò ha, ọrùn-ọwọ́ yóò sì dùn yín. Nítorí náà òṣèré kọ̀ọ̀kan ń mú ẹní kékeré kan dání, tí a fi ọ̀rá ṣe bí koríko. Yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò gbé bọ́ọ̀lù lé e, yóò gbá a, yóò sì mú ẹní rẹ̀, ó di ibòmíràn. Pápá tiwọn kò dúró lójú kan. Abẹ́ apá ni wọ́n ń gbé e rìn. Àwọn awakùsà fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì gbé àkọlé kan síbẹ̀ tí ó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko mọ́lẹ̀.

Ibi tí ihò wà ni ọgbọ́n wọn ti hàn jù. Ní pápá oníkoríko, àyíká ihò ni koríko ti kúrú jù lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù kí ó yí wọlé. Gíríìnì ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọ̀ ewé rẹ̀. Ní Coober Pedy, iyanrìn tí a fi epo pò ni. Epo yìí ń so iyanrìn pọ̀ kí ẹ̀fúùfù má baà gbé e lọ, ó sì ń mú kí ojú ilẹ̀ ki díẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè yí geere láìrì. Bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ipa bàtà yóò hàn lórí rẹ̀. Nítorí náà a máa ń fi ohun èlò kan wọ́ ojú rẹ̀ kí ó tún tẹ́jú. Àmọ́ ṣá o, epo kì í ṣe ọ̀rẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò àti kànga, kí a má baà fi eré ba omi jẹ́ nígbà tí a ní a kò fẹ́ fi eré ná omi.

Kí àwọn àgbà tí ó wà láàárín yín má rò pé ohun àjèjì pátápátá ni èyí. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, nígbà ìjọba àwọn òyìnbó àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ni kò ní gíríìnì. Iyanrìn elépo náà ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń pè é ní bráùn, nítorí pé ó jọ àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn Òkè Ọya kò gba koríko láyè. Òyìnbó tí ó ti Skọ́tílándì wá bá ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì fara mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Nígbà tí ooru bá mú gan-an, ọ̀sán kò ṣeé gbá bọ́ọ̀lù. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n sọ ọ́ di eré alẹ́. Bọ́ọ̀lù tí ó ń tàn nínú òkùnkùn ni wọ́n ń gbá. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, ẹ ó rò pé tannátanná ni ó ń fò kọjá. Kò sí ilé gogoro, kò sí igi tí yóò dí ojú. Ìràwọ̀ wà lókè, bọ́ọ̀lù ń tàn nísàlẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó ya yín lẹ́nu jù nìyí. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú pápá St Andrews, ìlú tí gbogbo agbágọ́ọ̀fù ń fi ojú ìyá wò, bá ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù Coober Pedy ṣe àdéhùn, pé ọmọ ẹgbẹ́ náà tí ó bá dé Skọ́tílándì lè gbá bọ́ọ̀lù lórí ọ̀kan nínú àwọn pápá wọn. Wọn kò béèrè pé, “Koríko yín dà?” Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bọ́ọ̀lù kan náà ni, ihò 18 kan náà ni, òfin kan náà ni. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ara eré. Koríko jẹ́ aṣọ rẹ̀. Ènìyàn lè pààrọ̀ aṣọ kí ó má pààrọ̀ ara.

Ohun kan tún wà nínú ara eré náà tí a kò lè fi ojú rí. Bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, rẹfirí wà lórí pápá tí ó ń fọn fèrè. Nínú gọ́ọ̀fù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí rẹfirí. Òṣèré fúnra rẹ̀ ni ó ń ka iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ṣáko lọ sẹ́yìn òkìtì, tí ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jáde, òun nìkan ni ó mọ̀. Nínú aṣálẹ̀, níbi tí ẹni tí ó ń wòran kò sí, òótọ́ ọkàn rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí a bá mú koríko kúrò, gọ́ọ̀fù kù síbẹ̀. Bí a bá mú òótọ́ kúrò, kò kù mọ́, bí koríko tilẹ̀ tutù bí ti Dubai.

Kí n tó dánu dúró, ẹ jẹ́ kí n fi pápá kan hàn yín tí ó tún dá wà ju èyí lọ. Ní apá gúúsù Ọsirélíà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ńlá kan wà tí ń jẹ́ Nullarbor. Láti inú èdè Látìnì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé “kò sí igi”. Ní ọdún 2009 ni wọ́n ṣí pápá Nullarbor Links síbẹ̀. Ihò 18 rẹ̀ tò sí ẹ̀bá títì, láti Ceduna ní Gúúsù Ọsirélíà títí dé Kalgoorlie, ìlú awúrà ní Ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Gígùn pápá náà jẹ́ kìlómítà 1,365. Ó ju ìrìn Èkó dé Kánò lọ. Ẹ ó gbá ihò kan tán lẹ́bàá ilé epo àti ilé oúnjẹ, ẹ ó wọ mọ́tò, ìgbà mìíràn ẹ ó sì wa ọkọ̀ ju kìlómítà 100 lọ kí ẹ tó rí ihò tí ó kàn. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ àti àyíká ihò ni wọ́n tẹ́ ẹní ọ̀rá sí. Àárín méjèèjì jẹ́ igbó ṣákálá àti òkúta bí Ọlọ́run ti dá a.

Kí ni èrò wọn? Níbì kan lórí ọ̀nà náà, títì nà gbọọrọ fún kìlómítà 146.6 láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Oorun máa ń gbé awakọ̀ lọ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀fù ń mú kí ó dúró, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó sì náwó díẹ̀ fún àwọn tí ń gbé ní ẹ̀bá títì. Ihò kan ń jẹ́ Skylab, ní Balladonia, nítorí pé agbègbè náà wà lára ibi tí àfọ́kù ilé-iṣẹ́ ojú ọ̀run tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ já lé ní ọdún 1979. Nígbà tí ẹ bá sì dé Kalgoorlie, níbi tí ihò ti parí, ẹ ó rí koríko tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ìlú náà jìnnà sí omi: páìpù tí wọ́n parí ní ọdún 1903 ni ó ń gbé omi wá síbẹ̀ láti nǹkan bí kìlómítà 530.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe dandan kí gbogbo wa gbá gọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ pé ohun kan kò ṣeé ṣe nílé-ìwé yín tàbí ní àdúgbò yín nítorí pé a kò ní èyí tí àwọn ará ibòmíràn ní, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ohun tí a kò ní yìí, ṣé ara nǹkan náà ni, àbí aṣọ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ara rẹ̀, kí a wá a. Bí ó bá jẹ́ aṣọ lásán, kí a wo ohun tí ilẹ̀ tiwa fún wa, kí a fi rán òmíràn.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa tọ́jú omi o.